Pèpéle Màmá Nọ́ọ̀sì

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ẹsẹ̀ ọkọ Tíṣà wọ inú pèpéle pákó tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ. Kì í ṣe pé ó yọ̀, kì í sì í ṣe pé ó ń sáré. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn lọ, ife tíì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ òsì, ni pákó kan bá ṣe pọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì sì bá a lọ títí dé orúnkún. Kò pariwo. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, tíì rẹ̀ kò sì dà nù. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó wò ó látòkè dé ibi tó kù lára rẹ̀, ó ní:

"Ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Rárá o, Màmá. Mo bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà."

"Ó dáa," ni Màmá wí, ó sì wọlé lọ gbé àpótí oògùn rẹ̀.

Bí Tíṣà ṣe rò ó fún Rọra káfíńtà nìyẹn ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Ìṣirò ni Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà kì í ròyìn nǹkan láìka iye rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n. Káfíńtà àkọ́kọ́ pààrọ̀ pákó mẹ́rin. Ìkejì pààrọ̀ mẹ́sàn-án, ó tún wá fi ọ̀dà pupa kùn ún nípọnnípọn, ó ní omi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ títí ayé. Ọdún méjì péré ni títí ayé náà gbà."

Rọra ní òun á wá wò ó lọ́sàn-án.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Rọra. "Ẹ rọra" ló máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ń kánjú, "rọra" ló máa ń sọ fún ayùn tó bá fẹ́ yà kúrò lójú ìlà, òun náà ló máa ń sọ fún ìṣó àti fún ewúrẹ́ tó bá yà wọ ṣọ́ọ̀bù, títí àwọn èèyàn fi gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó mọṣẹ́. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò lè wo ojú oníbàárà kó sọ fún un pé oníbàárà náà fúnra rẹ̀ ló ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ rí, lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn. Ó sọ fún ọkùnrin kan pé bó ṣe ń fi àga rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn, tí àga náà ń fi ẹsẹ̀ méjì péré dúró, ló ń dá a lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà kò kí i mọ́ títí di òní, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé. Láti ìgbà náà, ohun yòówù tó bá bàjẹ́, ìdáhùn Rọra kò yí padà: "Òjò ni." Òjò kò ní ilé ládùúgbò, kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé náà lọ́sàn-án, ó kọ́kọ́ dúró. Pèpéle náà fẹ̀ tó yàrá méjì, ó ga sókè tó orúnkún, ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọgbà, igi ìfarọ̀ sì yí i ká níhà mẹ́ta. Kò rí pákó tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kò sí ewé kan, kò sí eruku kan. Ó mọ́ débi pé kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó bọ́ bàtà.

Ó kúnlẹ̀, ó fa ìṣó gígùn kan yọ láti inú àpò, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ìṣó náà wọlé bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gún bọ́tà. Ó gbìyànjú ibòmíràn, bákan náà. Ọ̀dà pupa ti wú, ó ti rú sókè bí awọ ara tó jóná, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Wọ́n fún àwọn pákó náà pọ̀ mọ́ra débi pé èékánná kò lè wọ àárín wọn. Gbogbo ìdí ìṣó ló ti dúdú. Nígbà tó wá ṣí pákó tó dá mọ́ ọkọ Tíṣà lẹ́sẹ̀, òórùn kan jáde síta, bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí nígbà tí kò tíì gbẹ. Ó ki orí bọ inú ihò náà. Níbi púpọ̀, ilẹ̀ ti kún dé ara àwọn igi tó gbé pákó ró. Ewé tó ti jẹrà wà níbẹ̀, olú funfun sì tò lára igi kan bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de agogo. Wọ́n ti fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ pèpéle náà yíká títí dé ilẹ̀, atẹ́gùn kò rí ibi gbà wọlé.

Ó gbé orí jáde. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún rèé tí ẹ̀kán òjò kan kò ti bọ́.

"Níbo ni gbogbo omi yìí ti wá?" ló bi Tíṣà.

Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá máa ń fọ̀ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Láràárọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀."

"Omi tó tó mélòó?"

"Garawa mẹ́fà. Méjì tọṣẹ, mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣàn án. Pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti ṣírò ó, ẹ̀gbọ́n. Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀kẹ́ kan garawa."

Rọra wo pèpéle, ó wo Tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn," ni Tíṣà wí. "Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn. Ẹ bá mi wá nǹkan mìíràn sọ."

Ọkàn Rọra balẹ̀. Nǹkan mìíràn náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún.

Ibẹ̀ ni Màmá Nọ́ọ̀sì ti jáde. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ aago kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi kọ́ àyà ṣì wà láyà rẹ̀. Ó dáhùn ìkíni Rọra, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé kò wọ bàtà, ó mi orí.

"Káfíńtà, kí ló ń ṣe é?"

"Òjò ni, mà."

"Òjò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí ní pèpéle onípákó. Ọdún kan náà ni wọ́n kan án pẹ̀lú tiwa. Ṣé òjò kì í dé ọ̀dọ̀ wọn ni?"

Rọra na ọrùn wo òdìkejì ọgbà. Ajá ńlá kan sùn sórí pèpéle náà láàárín bàtà, kẹ̀kẹ́ tó ti kán, àti ìdọ̀tí tó tó oṣù mẹ́ta. Àwọn pákó rẹ̀ le bí òkúta.

"Ó lè jẹ́ pé igi tiwọn yàtọ̀, mà."

"Igi kan náà ni. Ọkọ mi ló bá wọn rà á. Mọ́tò kan ló kó méjèèjì wá."

"Oòrùn náà lè..."

"Oòrùn wo?"

Rọra tẹjú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn Màmá, Tíṣà ń mi orí fún un, ó ń fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́.

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì," ni Màmá wí. "Mo mọ ojú ẹni tó ń fi àìsàn pamọ́ fún aláìsàn. Bó o ṣe ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ yẹn gẹ́lẹ́ ni. Jókòó síbẹ̀ yẹn." Rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ó dáa. Kí ló ń pa pèpéle mi?"

Rọra la ẹnu láti tún sọ pé òjò ni. Ohun tó jáde kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ajá tó wà lódìkejì jí, ó nà, ó tún sùn padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́, Rọra kò rí ohun tó lè ṣe ju kó sọ èyí tó kù lọ. Ó sọ ti garawa mẹ́fà. Ó sọ pé òru nìkan kò tó fún igi láti gbẹ bí oòrùn ọ̀sán kò bá mú un gbẹ tán, àti pé kó tó gbẹ, omi òwúrọ̀ mìíràn á ti dé. Ó sọ ti búrọ́ọ̀ṣì líle tó ń họ ara igi. Màmá ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń gbọ́. Nígbà tó parí, ohun kan péré ló bèèrè.

"Àwọn olú yẹn. Fi wọ́n hàn mí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. "O ṣé é," ló wí. Ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá sàn fún Rọra ká ní gbàgà ló pa á dé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Tíṣà wí, "kí ni mo bẹ̀ yín?"

"Ẹ bẹ̀ mí pé kí n má sọ."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo sọ ọ́."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Rọra ń ṣí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sí ọ̀nà méjì: èyí tó ti rà síhà ọ̀tún, èyí tó ṣì le síhà òsì. Apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ. Màmá kò jáde. Ọkọ Tíṣà, tí báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé kókósẹ̀, ló ń gbé tíì fún un láti ojú fèrèsé, nítorí ó ní òun kò ní gba orí pèpéle yẹn kọjá mọ́ láéláé.

"Kí ni Màmá ń ṣe?" ni Rọra bi í.

"Wọ́n jókòó sí yàrá wọn. Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá."

"Ṣé wọ́n ń bínú?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n kí mi dáadáa láàárọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí."

Rọra kò jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wo àwo tó fi sílẹ̀, ó ní kí ló dé. Rọra rò fún un. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó gé òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọdún méjìdínlógún lo fi pa ẹnu mọ́," ló wí. "Ọjọ́ tó o wá fẹ́ là á, arúgbó lo yàn." Ó fa àwo náà mọ́ra, ó sì bá a jẹ èyí tó kù.

Ọjọ́ kẹta ni Màmá Nọ́ọ̀sì jáde. Ó gbé àga lọ́wọ́ kan, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ àti gègé lọ́wọ́ kejì. Ó gbé àga náà sórí ilẹ̀ inú ọgbà, ó jókòó, ó ṣí ìwé.

"Tún un sọ," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sáré, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ fún Rọra rí láyé rẹ̀ pé kó má sáré. Ó fi ayùn sílẹ̀.

"Omi fúnra rẹ̀ kò burú, mà. Kí igi tutù, kó tún gbẹ, kò sóhun tó ń ṣe é. Omi tó bá wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde ni wàhálà. Ẹ wo ibí yìí, ẹnu ibi tí ayùn ti gé pákó. Ibẹ̀ ló fi ń mu omi jù. Kò sẹ́ni tó dí i. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ti fara kan igi, ilẹ̀ náà kì í gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n dí i pa, atẹ́gùn ò wọlé. Ọ̀dà pupa yẹn tún wá bò ó mọ́lẹ̀, omi tó ti wà nínú ò lè jáde mọ́. Àwọn ìkòkò òdòdó yín náà, ojú kan ni wọ́n jókòó sí lórí pákó láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Nítorí náà, mà, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan."

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin àti ẹni tó fún àwọn pákó náà mọ́ra wọn báyìí. Ó yẹ kí àlàfo wà láàárín wọn."

Màmá kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi ni," ló wí. "Kì í ṣe káfíńtà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́, òun ló ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Bó ṣe ń lu òǹtẹ̀ ló ṣe lu ìṣó wọ̀nyí. Pà, pà, ó tún di òmíràn." Rọra ti ṣàkíyèsí i pé ìṣó kọ̀ọ̀kan ló ní ojú òòlù méjì gérégé, ó sì ti ń rò ó pé irú káfíńtà wo rèé. "Ó fi àlàfo sílẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ kàn án. Èmi ni mo ní abẹ́rẹ́ mi á máa bọ́ sísàlẹ̀, torí mo máa ń ránṣọ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ní kó tú u, kó fún wọn pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tú u. Kò ráhùn."

Rọra mú ọ̀kan nínú ìṣó náà, ó wo orí rẹ̀.

"Nígbà tó wá dùbúlẹ̀ àìsàn, ibẹ̀ ló fẹ́ máa wà. Oṣù méje. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá tó bẹ́ẹ̀, nǹkan á máa dà sílẹ̀, nǹkan á máa jáde lára rẹ̀ tí kò ní mọ̀. Mo máa ń jí fọ ibẹ̀ láàárọ̀ kí òórùn má bàa wà, kí ojú má bàa tì í bí èèyàn bá wá kí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin ín, mo jí, mo pọnmi. Kò sẹ́ni tó ní kí n dá a dúró." Ó yí gègé lọ́wọ́. "Ọmọ mi ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo máa ń rí i. Mo rò pé ìṣirò ló ń ṣe."

Rọra wo inú ihò pèpéle náà.

"Igi tó gbé pákó ró, mọ́kànlá ni, mà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Méje ṣì le."

"Méje."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá kàn wọ́n dáadáa."

"Irọ́ lò ń pa."

"Irọ́ ni, mà. Wọ́n wọ́. Àmọ́ wọ́n le."

Màmá rẹ́rìn-ín. Kò gùn, ó dà bí ìgbà tí èèyàn sín. Tíṣà, tó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà lọ, Màmá kò fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Rọra gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ pèpéle títí tó fi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ igi, ó da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, Màmá sì fi ọ̀pá díwọ̀n rẹ̀ ní ibi mẹ́wàá. Nínú igi mẹ́rin tó bàjẹ́, ó pààrọ̀ méjì pátápátá. Ní ti méjì yòókù, ó gé ibi tó rà kúrò títí ó fi kan ibi tó funfun tó sì le, ó wá so igi tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ́ rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sórí gbogbo igi mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí omi tó bá gba ìdí ìṣó wọlé má bàa jókòó sórí wọn. Ó yọ pákó kan kúrò, ó fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí, nínú àwọn tó dí ẹ̀gbẹ́, kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Ó yọ́ ìda, ó fi pa ẹnu gbogbo pákó níbi tí ayùn ti gé e, lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó kan títẹ́ pákó, ó fi ìṣó ńlá kan sáàárín èkínní àti èkejì láti fi wọn àlàfo. Màmá wo àlàfo náà.

"Nǹkan á máa bọ́ gba ibẹ̀."

"Á máa bọ́, mà. Òun gan-an la ń wá. Omi á máa bá a bọ́."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ náà á bọ́."

Màmá ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó gba ìṣó kan lọ́wọ́ Rọra, ó sì fi wọn gbogbo àlàfo tí Rọra ṣe látàárọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dé àárín ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, ìṣó náà kò wọlé.

"Eléyìí há," ló wí.

Rọra ní kò ju ìbú irun lọ. Màmá ní òun kò sọ pé ó ju ìbú irun lọ, ó há ni òun sọ. Rọra tú u, ó tún un kàn.

Pèpéle náà gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbẹ dénú kí wọ́n tó lè fi epo pa á. Ẹ̀kán omi kan kò gbọ́dọ̀ kàn án. Màmá kọ èyí náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe rò ó, Màmá jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, ó pọn garawa kan, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Tíṣà wà lójú fèrèsé. Ó ń gbàdúrà. Nígbà tó pẹ́, Màmá yí padà, ó gba iwájú ilé jáde, ó sì fi omi náà fọ mọ́tò àna rẹ̀. Ó wọlé lọ pọn márùn-ún sí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, àti lọ́jọ́ kẹrin.

"Mọ́tò mi kò mọ́ tó báyìí rí," ni ọkọ Tíṣà sọ fún Rọra nígbà tó wá wo bí igi ṣe ń gbẹ sí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin náà máa ń...?"

"Ó máa ń dípẹtà."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọkọ Tíṣà ní òun rò pé ẹ̀gbọ́n ti ní ìrírí sísọ irú nǹkan báyìí fún wọn. Rọra ní òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọkọ Tíṣà ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún òwúrọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n pa epo àkọ́kọ́, èyí tí kì í bo igi lójú bí ọ̀dà, tó kàn ń wọ inú rẹ̀ lọ. Òjò ńlá wá rọ̀ ní oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn. Omi gba àárín àwọn pákó bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ojú pèpéle ti gbẹ. Ó kù díẹ̀díẹ̀ tó ṣì dúdú nídìí àtẹ̀gùn, Màmá kọ iye wákàtí tó gbà sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, Rọra padà wá láti pa epo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Màmá ti wọ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ dè é. Ó ti fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a mọ́, ó ti ta omi díẹ̀ sójú pákó, ó sì ti rí i pé igi náà fà á mu kíákíá.

"Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́," ló wí. "Ó tó àsìkò. Fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kan."

Rọra ní ìhà ibi àtẹ̀gùn ni òun máa mú, kí Màmá mú ti ẹ̀gbẹ́ ilé, kó sì parí síbi ilẹ̀kùn, kí òun náà parí síbi àtẹ̀gùn. Màmá gbọ́. Àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ pé ibi tó mọ́ jù lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó sì mọ́ jù lórí pèpéle náà ni ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń pa epo, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, kò gbójú sókè. Rọra náà dojú kọ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa gbọ́ tí Màmá pè é, òun ti wà lórí ilẹ̀ inú ọgbà, Màmá sì ti wà ní igun tó jìnnà jù, ẹ̀yìn rẹ̀ kan igi ìfarọ̀, epo tútù yí i ká níhà gbogbo.

"Káfíńtà."

"Mà."

"Báwo ni mo ṣe máa jáde?"

Rọra wò ó. Ó wo igi ìfarọ̀ tó ga tó ìgbáròkó. "Mo lè gbé àkàsọ̀ wá, mà, kí ẹ gba òkè rẹ̀ kọjá."

"Ní ọjọ́ orí mi?"

"Àbí kí ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Mo máa tún ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ pa."

Màmá wo epo tó ń dán lójú pákó, tó tẹ́jú láti ibi tó dúró dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Wákàtí mélòó ló máa gbà?"

"Bí oòrùn bá ràn báyìí, mẹ́rin."

Màmá wo aago àyà rẹ̀. Ó dorí agolo epo tó ti ṣófo kodò, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ lè nà dé, tí kò ju ìbú pákó méjì lọ. Ọkọ Tíṣà gba inú ọgbà wá, ó fi orí ọ̀pá ìgbálẹ̀ gbé àpò búrẹ́dì àti rédíò kékeré kan sí i láti òdìkejì igi ìfarọ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

Rọra lè máa lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n kò dà bí ohun tó bójú mu kéèyàn fi àgbàlagbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó fi ìdí lélẹ̀ nínú koríko lódìkejì, ó fẹ̀yìn ti òpó. Màmá na búrẹ́dì sí i láti àárín igi ìfarọ̀. Wọ́n gbọ́ ìròyìn, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, wọ́n gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sin oyin. Màmá ní irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa nípa bí oyin ṣe ń ta èèyàn, òun ti tọ́jú ẹni tí oyin ta tó igba. Rọra ní ṣé onítọ̀hún yè é. Màmá ní ó yè é, ó sì tún padà sídìí oyin.

Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ìka kan pákó tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ìka náà, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé rédíò, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá lọ sínú ilé.